Ojú Ta Ni A Fi Ń Yẹ Ọkọ̀ Wò?



Ìbéèrè kan wà tí ó dàbí ọ̀ràn ọjà lásán, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ ọ̀ràn ẹ̀rí-ọkàn. Bí ẹni tí ó fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ti lò bá mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá láti yẹ ọkọ̀ náà wò, tí mẹkáníìkì náà kò sì rí àléébù tí ó wà nínú rẹ̀, ǹjẹ́ ẹni tí ó ń tà á, tí ó mọ àléébù náà dájú, ha jẹ̀bi bí ó bá dákẹ́? Ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò dáhùn kíákíá pé kò jẹ̀bi. Wọn yóò ní, “Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún un, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́, ó wò ó tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, kí ni ó tún kù?” Ìdáhùn yìí fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí.

Ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Ní agbègbè wa yìí, láti Osi dé Iloffa, láti Eruku dé Odo-Owa, ta ni ń ra ọkọ̀ tí ó jẹ́ tuntun gan-an? Tòkunbọ̀ ni a ń rà, tàbí èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní Nàìjíríà níhìn-ín. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé ìwé kan jáde ní ọdún 2020, ó sì wí níbẹ̀ pé láàárín ọdún 2015 sí 2018, ọkọ̀ kékeré tí a ti lò tí ó jáde láti Yúróòpù, Jàpáànù àti Amẹ́ríkà lọ sí ilẹ̀ mìíràn tó mílíọ̀nù mẹ́rìnlá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó sì gba ìpín tí ó pọ̀ jù. Fún ọdún púpọ̀ ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń gba Kútọnu wọlé sọ́dọ̀ wa, títí Ìjọba Àpapọ̀ fi fòfin de kíkó wọn gba orí ilẹ̀ wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2017. Owó tí a sì fi ń rà wọ́n kì í ṣe owó ṣeréṣeré. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ ni, owó kaṣú ọdún mẹ́ta ni, owó àjọ tí a dá títí ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń fẹ́ ọkọ̀ asáré, onílẹ̀kùn méjì, tí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Èmi kò mọ ibi tí ikùn bẹ́ẹ̀ yóò gbà kọjá lójú ọ̀nà wa nígbà òjò, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ rántí pé ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á, kì í ṣe nítorí kí ó lè máa rọra wà á lọ sí Mísà ni ó ṣe rà á.

Ará Róòmù kan tí ń jẹ́ Cicero kọ ìwé kan sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọdún 44 kí a tó bí Olúwa wa. Nínú rẹ̀ ni ó ti sọ ìtàn ọlọ́lá kan, Canius, tí ó lọ sinmi ní ìlú Syracuse. Canius ń sọ káàkiri pé òun fẹ́ ra ọgbà kékeré kan tí òun yóò ti máa ṣe àwọn ọ̀rẹ́ òun lálejò. Pythius, tí ń fi owó ṣòwò ní ìlú náà, gbọ́. Ó ní ọgbà òun kì í ṣe títà, ṣùgbọ́n kí Canius wá bá òun jẹun níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ó wá ránṣẹ́ pe àwọn apẹja, ó sì bẹ̀ wọ́n pé iwájú ọgbà òun ni kí wọ́n ti pẹja ní ọjọ́ náà. Nígbà tí àlejò dé, ọkọ̀ ojú omi kún ibẹ̀ bámúbámú, olúkúlùkù apẹja sì ń da ẹja tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ Pythius. Ẹnu ya Canius. Wọ́n sọ fún un pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹja ìlú náà ń gbé. Ó bẹ̀bẹ̀ títí tí a fi ta ọgbà náà fún un ní iyekíye tí olówó rẹ̀ pè. Ní ọjọ́ kejì ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kò rí ọkọ̀ kan, kò rí àjẹ̀ kan. Ó bi aládùúgbò rẹ̀ bóyá ọjọ́ ọdún àwọn apẹja ni. Onítọ̀hún ní òun kò mọ̀ nípa ọdún kankan. Ẹnikẹ́ni kì í pẹja níbẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹnu fi ya òun alára ní àná.

Canius yẹ ọgbà náà wò. Ojú rẹ̀ kò fọ́. Ọkọ̀ tí ó rí jẹ́ ọkọ̀, ẹja tí ó rí jẹ́ ẹja. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń tà ni ó yan ọjọ́, ni ó yan wákàtí, ni ó sì yan ohun tí àlejò yóò rí.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àyẹ̀wò ọkọ̀ ti rí lónìí. Ẹni tí ó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun kì í fẹ́ jí ní òwúrọ̀, tàbí pé ó ń tú èéfín nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, yóò ti jí i kí oníbàárà tó dé, nítorí pé ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbóná kì í tú àṣírí. Ẹlòmíràn a da òróró tí ó ki sínú rẹ̀ kí ariwo irin má baà jáde. Gíà kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá gbóná dáadáa ni ó ń yọ̀. Ẹni tí a jẹ́ kí ó wa ọkọ̀ náà yí ilé epo po lẹ́ẹ̀kan kò lè mọ̀. A ń dá nọ́ńbà tí ń ka ìrìn ọkọ̀ padà sẹ́yìn. A ń fi ọ̀dà tuntun bo ibi tí ìpẹtà ti jẹ. Ní ọdún 2017, nígbà tí ìjì Harvey jà ní Texas, omi bo ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀. A lè fọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi máa dán, ṣùgbọ́n wáyà abẹ́ rẹ̀ ti ń jẹrà. Ní Amẹ́ríkà a ń kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé ó ti bàjẹ́ rí, ṣùgbọ́n ta ni ń béèrè ìwé yẹn nígbà tí ọkọ̀ bá dé Bẹ́gà lójú ọ̀nà Àpápá? Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún, àti lẹ́tà àti òǹkà, wà lára gbogbo ọkọ̀ tí a ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1981, tí a lè fi tọpasẹ̀ ìtàn rẹ̀. Kí ẹni tí ó fẹ́ rà kọ́kọ́ wò ó bóyá èyí tí ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú bá ti inú ìwé mu. Kí ó lọ ní òwúrọ̀, kí ó fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì bóyá ó tutù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má ṣe san àsansílẹ̀ kí àyẹ̀wò tó wáyé. Ẹni tí ó ti san owó sílẹ̀ ti fi ọkàn rẹ̀ dógò; ohun tí mẹkáníìkì bá sọ lẹ́yìn èyí, etí ìfẹ́ ni yóò fi gbọ́ ọ.

Mo wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì náà. Àwọn àgbà wa ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a óò jẹ́ ẹ fún. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí a mú wá yẹ ọkọ̀ wò. Ojú ẹni tí ó rán an ni ó fi ń wò. Ṣùgbọ́n àṣà kan ti wọlé, pé ẹni tí ń ta ọkọ̀ yóò fi nǹkan sí i lọ́wọ́ ní ìkọ̀kọ̀ bí ọjà bá tà. Ẹ jẹ́ kí a rò ó dáadáa: bí ọjà kò bá tà, owó yẹn kò sí. Ẹlẹ́rìí tí owó rẹ̀ wà nínú bẹ́ẹ̀ni nìkan kì í ṣe ẹlẹ́rìí mọ́. Èmi kò sọ pé gbogbo owó alárinà ni ẹ̀ṣẹ̀; bí ó bá sọ ọ́ ní gbangba létí àwọn méjèèjì, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ibi tí ó ti fi í pamọ́ ni ó ti rú òfin kẹjọ. Síbẹ̀ ẹni tí ń rà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ fi mílíọ̀nù ra ọkọ̀, tí ó fún mẹkáníìkì ní owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tì í sọ́wọ́ ẹni kejì. Owó kan náà ni kí a dá fún un, ìbáà ṣe pé a ra ọkọ̀ náà tàbí a kò rà á. Kí òun náà sì máa sọ ohun tí kò yẹ̀ wò, tàbí tí kò mọ̀. Nítorí ẹni tí ó gbọ́ Toyota tinútòde lè má gbọ́ ọkọ̀ asáré láti Jámánì rárá.

Nísinsìnyí, ẹni tí ń tà. Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino gbé irú ọ̀ràn yìí yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn. Ó ní bí àléébù bá hàn sí ojú, bí ẹṣin olójú kan, olówó rẹ̀ kò di dandan kí ó kéde rẹ̀, bí ó bá ti dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí àléébù bá farasin, tí ó sì lè mú òfò tàbí ewu bá ẹni tí ń rà, dandan ni kí ó sọ. Ẹ kíyè sí i pé kò béèrè bóyá ẹni tí ń rà wá a tàbí kò wá a. Àyẹ̀wò tí kò rí àléébù kò sọ àléébù náà di ohun tí ó hàn. Ó farasin síbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì mọ̀ ọ́n. Ṣíṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kò tíì tó ẹ̀rí òtítọ́, bí ẹni tí ó ṣí i bá mọ̀ pé inú gíà ni àrùn wà.

Ẹnì kan lè wí pé òun ti ta ọkọ̀ náà ní ọ̀pọ̀, pé owó náà ti sọ̀rọ̀ fún òun. Nínú ọ̀ràn afẹ́fẹ́ tútù tí kò ṣiṣẹ́, mo lè gbà bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀ràn bíréèkì, èmi kò gbà. Ọmọ ilé-ìwé tí ń sọdá títì ní Omu-Aran kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ná ọjà. Kò sí ẹni tí ó dín owó kankan kù fún òun.

Ìpalára náà tilẹ̀ kọjá àwọn méjèèjì. Ní ọdún 1970, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, George Akerlof, kọ ìwé lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù. Ìwé àtìgbàdégbà mẹ́ta ni ó kọ̀ ọ́ kí ọ̀kan tó tẹ̀ ẹ́, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ó wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2001. Ó fi hàn pé nígbà tí ẹni tí ń rà kò bá lè fi ìyàtọ̀ sáàárín rere àti búburú, owó àárín ni yóò máa fún gbogbo wọn. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ dára yóò mú tirẹ̀ kúrò lọ́jà, nítorí owó náà kéré, èyí tí ó bàjẹ́ ni yóò sì kù sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tí ó fi àléébù pamọ́ ní Ìlọrin ń ja olóòótọ́ ará Iloffa tí kò rí i rí lólè, nítorí kò sí ẹni tí yóò gba olóòótọ́ náà gbọ́. Ẹni tí ń rà pẹ̀lú kò gbọdọ̀ máa bú ọjà tí ó mọ̀ pé ó dára kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀, kí ó wá délé kí ó máa yangàn. Ìwé Òwe ti mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Èyí tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti ṣe é ná. Tọ́másì Mímọ́ ní ẹni tí kò mọ̀ nípa àléébù nígbà tí ó tà kò dẹ́ṣẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá wá mọ̀, ó gbọ́dọ̀ san òfò náà fún ẹni tí ó rà á. Mélòómélòó ni ẹni tí ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kò rọ́pò owó náà. Bí bíréèkì bá wà nínú rẹ̀, kí ó pe onítọ̀hún lónìí, kí ó tó ronú nípa owó rárá. Mẹkáníìkì tí ó gba ti ẹ̀yìn kò sì lè mú un wá sínú àpótí ọrẹ wa níhìn-ín kí ó kà á sí ìdápadà. Ẹni tí ó ra ọkọ̀ ni ó ni ín, a sì mọ ilé rẹ̀.