Ẹrù Tí A Sọ̀ Kalẹ̀, Ta Ni Yóò Rù Ú?

Ẹ̀kọ́ fún kíláàsì àwọn àgbà: fífẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ kí ọjọ́ tó pé
Ibi kíkà: Númérì 8:23–26, Lúùkù 14:28–30, 1 Tímótì 5:8

Ìfáárà

Nígbà tí ènìyàn bá ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, ìbéèrè kan a máa wá sí i lọ́kàn: "Ṣé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ báyìí, àbí kí n dúró títí ọjọ́ yóò fi pé?" Olùkọ́ tí ó ń wọ ọkọ̀ láti Ìfọ́n lọ sí Òṣogbo ní àràárọ̀ a máa bi ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ òru láti ìgbà èwe rẹ̀ a máa bi ara rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìfọ́n, ìbáà jẹ́ ní Ìlobùú, ó ti rò ó rí.

Ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ní í fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àkókò tó tó. Àwọn mìíràn ní ọgbọ́n ni, nítorí ẹni tí ó bá dúró dé òpin, ilé ìwòsàn ni yóò bá a ná owó rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìdáhùn méjèèjì ló yára jù. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò létòlétò.

Ohun tí òfin ìjọba wí

Ní iṣẹ́ ìjọba ilẹ̀ Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ̀yìntì nígbà tí ó bá pé ọmọ 60 ọdún, tàbí nígbà tí ó bá lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tí ó bá ṣáájú. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tí ó sún ti àwọn olùkọ́ sí 65 ọdún tàbí 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní láti sọ ọ́ di òfin tirẹ̀ kí àwọn olùkọ́ rẹ̀ tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó bá lọ fúnra rẹ̀ kí ọjọ́ wọ̀nyí tó pé ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2004, tí a tún ṣe ní 2014, òṣìṣẹ́ ń dá náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ń fi náírà 10 kún un. Orúkọ òṣìṣẹ́ ni owó náà wà, ṣùgbọ́n kò lè kó o bí ó ti wù ú. Ẹni tí ó bá lọ kí ó tó pé 50 ọdún, ó di ìgbà tí ó bá lo oṣù mẹ́rin láìrí iṣẹ́ mìíràn kí ó tó lè béèrè, kò sì lè gbà ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tí ó ti pé 50 lè gba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fi èyí tí yóò máa bọ́ ọ lóṣooṣù sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni ọdún 47 tí ó ti fi gbogbo owó yìí ra ọkọ̀ nínú ọkàn rẹ̀, kí ó mọ̀ pé mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ọkọ̀ náà kò tíì dé.

Ohun tí a rí nínú ìwé Númérì

Òfin ìjọba sọ ohun tí ó ṣeé ṣe fún wa, kò sọ ohun tí ó tọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ Léfì. Ọmọ ọdún 25 ni wọ́n ń wọ iṣẹ́ àgọ́ àjọ, wọ́n sì ń ṣíwọ́ ní 50. Irú iṣẹ́ wo ni? Orí kẹrin ìwé náà fi hàn pé ẹrù rírù ni. Àwọn ará ilé Kóhátì ń fi èjìká ru ohun èlò mímọ́. Àwọn ará ilé Gáṣónì ń gbé aṣọ àgọ́. Àwọn ará ilé Mérárì ń gbé pákó àti òpó. Nínú aginjù, iṣẹ́ tí ń ṣẹ́ ènìyàn ní ẹ̀yìn ni. Nígbà tí ó bá sì di àádọ́ta ọdún, Ọlọ́run ní kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tàbí ìtìjú pé kí ènìyàn ṣíwọ́ nígbà tí agbára ṣì kù díẹ̀ lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́ta. Èkíní, ọmọ Léfì tí ó ṣíwọ́ kò lọ sùn; ó dúró ti àwọn arákùnrin rẹ̀, ó ń bá wọn ṣọ́ àgọ́, àmọ́ kò ru ẹrù mọ́. Èkejì, òfin tí ó ní kí àgbà sọ ẹrù kalẹ̀ ni ó ní kí àwọn ọ̀dọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹrù náà kò wà nílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ẹ̀kẹta, ìdámẹ́wàá gbogbo Ísírẹ́lì ni ó ń bọ́ ẹ̀yà Léfì. Ìsinmi ẹni ọdún 50 kò já lé ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí.

Níbí ni tiwa ti yàtọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń kó ìdámẹ́wàá wá fún olùkọ́ tí ó fẹ̀yìntì. Nítorí náà, "Ẹni ọdún mélòó ni mí?" kọ́ ni ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ara wa. Èyí ni ìbéèrè náà: "Ẹrù tí mo fẹ́ sọ̀ yìí, orí ta ni yóò bọ́ sí?"

Lẹ́tà kan náà, ìwà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ká ní olùkọ́ méjì wà, ọmọ Ìfọ́n ni àwọn méjèèjì, wọ́n jẹ́ ẹni ọdún 52, wọ́n sì ti lo ọdún 27 lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ní ọjọ́ kan náà, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì bára mu.

Èyí èkíní bá ọ̀gá rẹ̀ jà, ó sì fi ìbínú kọ tirẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ṣì wà ní ilé-ìwé. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò tíì tán lọ́rùn rẹ̀. Lẹ́yìn tí lẹ́tà ti lọ ni ó tó sọ fún ìyàwó rẹ̀ tí ń ta èlùbọ́ lọ́jà. Láti oṣù yẹn, owó ilé-ìwé, owó ọbẹ̀ àti owó oògùn bọ́ sórí igbá èlùbọ́. Ìyá yìí náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sì rí ẹni tí òun náà yóò kọ lẹ́tà sí. Ọkọ fẹ̀yìntì, ìyàwó gba iṣẹ́ kejì. Àkọ́bí wọn, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ ní Èkó, gbọ́ pé òun ni yóò máa bọ́ ilé. Bàbá ní àwọn àgbà ló pa á lówe pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òtítọ́ ni òwe náà, ṣùgbọ́n bí òkété bá dàgbà ni ó wí. Kò wí pé bí iṣẹ́ bá sú òkété.

Èyí èkejì ní ìyá tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò dúró tì í nílé. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ti ń parí ẹ̀kọ́. Ọdún mẹ́ta ni òun àti ìyàwó rẹ̀ fi jíròrò ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti kọ́ olùkọ́ kékeré kan ní gbogbo ohun tí ó mọ̀. Owó rẹ̀ yóò dínkù, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun náà sọ ẹrù kan kalẹ̀, ṣùgbọ́n òmíràn tí ó tọ́ sí i ni ó gbé.

Ẹjọ́ kẹta ló le jù. Ká ní nọ́ọ̀sì kan wà, opó, ẹni ọdún 49. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a jà. Dókítà ní kí ó sinmi. Ọmọ méjì wà ní yunifásítì tí ó ń ti inú owó oṣù rẹ̀ jẹun. Bí ó bá dúró, ó lè ṣubú. Bí ó bá lọ, ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lè dúró. Kí ẹnikẹ́ni má jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀ṣì dá a lẹ́jọ́. Ó lè béèrè fún iṣẹ́ ọ̀sán tí ó fúyẹ́ kí ó tó ronú lẹ́tà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, àwa ni ìbéèrè náà kàn: àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ dà, àwọn ìjọ rẹ̀ dà, tí yóò ti èjìká bọ abẹ́ ẹrù náà? Nígbà tí ẹrù bá ju ẹnìkan lọ, ẹni tí ó sọ ọ́ kalẹ̀ kò ṣẹ̀. Àwọn tí ó dúró tí wọ́n ń wò ó ni kí a bi léèrè.

Àǹfààní ẹni tí ó rí àyè yàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò rí àyè yàn. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Ghana fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú, fi òwò ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún sílẹ̀. Ní 1975, lábẹ́ ìjọba Ọ̀gágun Murtala Muhammed, a lé òṣìṣẹ́ ìjọba bí 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn wọ̀nyí kò ní àkókò láti ṣírò. Ẹni tí ó fẹ́ fúnra rẹ̀ lọ ní àkókò náà. Bí kò bá lò ó, ó ti sọ ohun iyebíye nù. Òun ni Jésù fi ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ ṣe àkàwé rẹ̀ nínú Lúùkù 14.

Kí ó ṣírò gbèsè rẹ̀. Kí ó ṣírò bí owó ṣe lè pẹ́ kí ó tó dé: láti 2015 sí 2018, ìdajì owó oṣù ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó fẹ̀yìntì dúró pẹ́ kí wọ́n tó rí ẹ̀tọ́ wọn. Kí ó ṣírò oko tí ó ń fọkàn sí. Ní 2025, ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé ní Ìfọ́n, Ìlobùú àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun nítorí ìjà lórí ilẹ̀. Ilẹ̀ tí àríyànjiyàn wà lórí rẹ̀ kì í ṣe owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sin adìẹ, kí ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ dán an wò nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Ẹlòmíràn yóò ní, "Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ńkọ́?" Òótọ́ ni. Nígbà tí ó gbé ìjọba lé Alhaji Shehu Shagari lọ́wọ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979, ẹni ọdún 42 ni. Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀, ó lọ dá oko ní Ọ̀tà. Èyí fi hàn pé òpin iṣẹ́ kan kì í ṣe òpin iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ṣe olórí orílẹ̀-èdè ní ojúlùmọ̀ àti ọ̀nà tí ẹni tí ń fi ẹfun kọ̀wé sójú pátákó kò ní. Kí olúkúlùkù fi òṣùwọ̀n tirẹ̀ wọn ara rẹ̀.

Ẹni tí ó kọ̀ láti lọ

Kí a má bá ẹni tí ó tètè lọ nìkan wí. Àwọn kan wà tí ọjọ́ wọn ti pé, tí wọ́n lọ búra ní kóòtù láti dín ọjọ́ orí wọn kù, títí ìwé fi sọ pé àbúrò wọn ni ó ṣáájú wọn dé ayé. Irọ́ ni, ẹlòmíràn sì ni ó ń ru ẹrù rẹ̀: ọ̀dọ́ tí ó ti gba ìwé ẹ̀rí, tí kò ráyè wọlé. Ẹni tí ó lọ láìrò àti ẹni tí ó dúró pẹ̀lú irọ́, ohun kan náà ni wọ́n ṣe. Wọ́n fi ìsinmi tàbí owó tiwọn di ẹrù lé ẹlòmíràn lórí láìbi í.

Ìgúnlẹ̀

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ̀yìntì dáadáa ṣì wúlò: yóò kọ́ àwọn tí kò mọ̀wé, yóò bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tọ́jú ìṣirò, yóò bá àwọn tí ń jà lórí ààlà sọ̀rọ̀ àlàáfíà.

Nítorí náà, ìwọ arákùnrin, ìwọ arábìnrin, kí o tó kọ lẹ́tà rẹ, kọ́kọ́ mú bébà mìíràn. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ń jẹ nínú owó oṣù rẹ sí i, àti ti ẹni tí yóò gba iṣẹ́ rẹ ṣe. Lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sọ èrò rẹ fún wọn, kí o sì gbọ́ ti ẹnu wọn. Bí orúkọ kan bá wà nínú rẹ̀ tí o kò lè wò lójú kí o sọ fún, lẹ́tà náà kò tíì tó fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín kí iṣẹ́ súni àti kí a parí iṣẹ́?
2. Ìyá tí ń ta ọjà àti àgbẹ̀ kò ní ẹni tí wọn yóò kọ lẹ́tà sí. Báwo ni wọ́n ṣe lè sinmi, ta ni yóò sì ràn wọ́n lọ́wọ́?
3. Bí nọ́ọ̀sì inú ẹ̀kọ́ yìí bá wà nínú ìjọ wa, kí ni kíláàsì yìí yóò ṣe fún un láàárín oṣù yìí?
4. Nígbà wo ni ó tọ́ kí òbí béèrè pé kí ọmọ máa bọ́ òun, nígbà wo ni kò sì tíì tọ́?