Àìsàn Kì í Ṣe Ẹ̀ṣẹ̀
Bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ilẹ̀ l'Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ bá dùbúlẹ̀ àìsàn, ṣé àánú ni adájọ́ fi ń sún ẹjọ́ síwájú, àbí òdodo? Òdodo ni, ṣùgbọ́n ó ní ìwọ̀n. Àwọn àgbà ní agbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí àìsàn pa lẹ́nu mọ́ kò tíì rojọ́. Kùránì náà, nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ 280, ní kí a sún ọjọ́ fún ajigbèsè tí ìnira bá, títí yóò fi rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Àwọn kan yóò ní àìsàn ti di ibi ìsápamọ́sí fún ẹni tó ń sá fún ìdájọ́. Òótọ́ ni. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 so ìgbẹ́jọ́ tó tọ́ pọ̀ mọ́ àkókò tó mọ níwọ̀n, nítorí olùpẹjọ́ náà ń darúgbó, ẹlẹ́rìí rẹ̀ sì lè kú. Ìdí nìyí tí sísún ẹjọ́ fi wà lọ́wọ́ adájọ́, tí kò sí lọ́wọ́ aláìsàn. Kí aláìsàn mú ìwé dókítà àti ìwé ìbúra wá, kí alátakò rí i, kó sì lè ta kò ó. Adájọ́ tó bá sún ẹjọ́ láìdá ọjọ́ ti ṣàánú ẹnìkan, ó sì ti fìyà jẹ ẹnìkejì.