Ahọ́n Kan, Ìyì Méjì

Láìpẹ́ yìí, èmi àti àbúrò mi kan tí ó ti gbé Jàpáánù rí jókòó ní bùkà kan ní Mende, ní agbègbè Kosofe. Ìyá olóńjẹ bu àmàlà fún un, ó sì fi ahọ́n màlúù tí ó rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lé ọbẹ̀ lórí. Àbúrò mi ṣíjú kúrò. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, itan ni kí wọ́n fún mi. Ahọ́n kì í ṣe ẹran àpọ́nlé." Òun kan náà ni ó ti ròyìn fún mi rí pé òun tò sórí ìlà ní Sendai kí òun tó rí ahọ́n jẹ!

Ní Sendai, láti 1948 tí Sano Keishiro ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà á nílé oúnjẹ rẹ̀, wọn a bó awọ ahọ́n, wọn a gé e pẹlẹbẹ, wọn a fi iyọ̀ pa á lára, wọn a sì sun ún lórí èédú. Òun ni a fi ń mọ ìlú náà lónìí.

Kí ni a ń jẹ gan-an: ẹran ni, tàbí orúkọ? Èmi náà ti fi itan gba àlejò rí, tí mo fi ahọ́n pamọ́ sí ilé ìdáná nítorí ojú ayé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó kẹ́gàn oúnjẹ kẹ́gàn ọwọ́ tí ó sè é. Ìyá olóńjẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà; kò fèsì, ó kàn pààrọ̀ ẹran. Ìdákẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí oúnjẹ mi lọ lọ́nà ọ̀fun.

Àwọn àgbà ní ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ará Sendai náání tiwọn. Àwa ńkọ́?