Ta Ni Ó Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Rán Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ Jìyà?

Àwọn baba wa tí wọ́n ní ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru kò sọ ọ́ láti fi yin ẹni tí ó ránni níṣẹ́ náà. Wọ́n sọ ọ́ láti fi tú u fó ni, nítorí wọ́n mọ̀ pé kò sí ohun tí ó rọ ọmọ ènìyàn lọ́rùn tó kí ó máa ná ara ẹlòmíràn bí ẹni ń ná owó, kí òun sì jókòó sílé máa retí èrè. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá ń ronú lórí ìjà tí àwọn adúláwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà jà láti ọdún 1955 wá, kí wọ́n lè gba ẹ̀tọ́ wọn lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n sọ wọ́n di ẹni ẹ̀yìn lórí ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá wọn fi òógùn ojú kọ́. Nítorí pé ìjà náà, tí àwọn aṣáájú rẹ̀ ti pinnu pé àwọn kò ní fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe pé wọ́n lu àwọn, ì báà ṣe pé wọ́n tutọ́ sí àwọn lójú, béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ohun tí ogun mìíràn kì í béèrè.

Balógun tí ó bá kó ọmọ ogun lọ sójú ìjà a máa fún wọn ní ọfà àti apata, a sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n pa ọ̀tá kí ọ̀tá má baà pa wọ́n. Aṣáájú ìjà tí mo ń wí yìí gba ohun ìjà lọ́wọ́ ènìyàn rẹ̀, ó gba ìbínú kúrò lọ́kàn rẹ̀ pẹ̀lú, ó wá ní kí ó lọ dúró níwájú ẹni tí ó mú kóńdó lọ́wọ́. Àwọn kan pè é ní ìwà ojo. N kò ní pẹ́ lórí ìyẹn, nítorí ojo a máa sá, àwọn wọ̀nyí kò sì sá. Ohun tí ó wúwo lọ́kàn mi ni pé, àṣẹ wo ni ẹlẹ́ran ara fi lè sọ fún ẹlẹ́ran ara bíi tirẹ̀ pé kí ó lọ gba ìyà tí kò ní gbẹ̀san rẹ̀? Olódùmarè, Ọba arínúróde, olùmọ̀ràn ọkàn, lè béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí òun ni ó ni ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n àlùfáà kì í ṣe Olódùmarè.

Ìdáhùn àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé aṣáájú irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò ní àṣẹ kankan ju èyí tí ojú àpá ara rẹ̀ bá fún un. Martin Luther King, àlùfáà ìjọ Onítẹ̀bọmi, kò tíì ju ẹni ọdún 26 lọ nígbà tí àwọn ará Montgomery ní ìpínlẹ̀ Alabama fi í ṣe olórí ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mú Rosa Parks nítorí pé ó kọ̀ láti dìde fún aláwọ̀ funfun nínú bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe òun ni ó dá ìjà náà sílẹ̀: Jo Ann Robinson, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ni ó fi òru ọjọ́ kan tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé ìkéde pé kí adúláwọ̀ kankan má wọ bọ́ọ̀sì ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, àwọn ará ìlú, tí wọ́n mọ̀ pé àìrìn pọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà, sì kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ fún ọjọ́ 381. King fúnra rẹ̀ kò tíì mọ ọ̀nà àìgbẹ̀san náà dunjú nígbà náà. Ìbọn wà nínú ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1956, nígbà tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé rẹ̀ nígbà tí Coretta ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ ọwọ́ wọn wà nínú ilé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti pé jọ pẹ̀lú ohun ìjà lọ́wọ́, tí wọ́n ń retí kí ó kàn mi orí lásán, ó dúró níwájú ilé tí bọ́ǹbù ti bàjẹ́, ó ní kí wọ́n gbé ohun ìjà wọn padà lọ sílé. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti lẹ́nu láti sọ̀rọ̀ sùúrù fún ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1962, níbi tí ó ti ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí pèpéle ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama kan náà, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tí í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Násì ilẹ̀ Amẹ́ríkà fò sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a ní ẹ̀ṣẹ́ lójú. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ sọ pé King sọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó kọ ojú sí ọkùnrin náà, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. A lè kọ́ ẹnu ní ọ̀rọ̀ rere. Ta ni ó lè kọ́ ọwọ́ kí ó má gbéra nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá ń bọ̀, bí kò ṣe pé ọkàn ti gbà á tẹ́lẹ̀?

Ìdáhùn kejì wà ní ìlú Nashville ní ìpínlẹ̀ Tennessee. James Lawson, tí ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí nítorí pé ó kọ̀ láti wọ iṣẹ́ ológun, tí ó sì ti gbé ní Nagpur ní ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti kọ́ ọ̀nà àìgbẹ̀san ti Gandhi, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 1959. Wọn a bú ara wọn, wọn a ti ara wọn ṣubú, wọn a fọ́n èéfín sìgá sí ara wọn lójú, kí ẹni tí yóò lọ jókòó sí ilé oúnjẹ tí wọn kì í tà fún adúláwọ̀ lè mọ ohun tí ó ń lọ bá pàdé. Ẹni tí ó mọ ohun tí ń bọ̀ tí ó sì tún lọ, a kò lè pè é ní ẹni tí a rán.

Àmọ́ Birmingham ni ìbéèrè mi ti le jù. Ìlú alágbẹ̀dẹ ni: irin ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ dó, irin ni wọ́n ń yọ́ níbẹ̀, ère Vulcan, òrìṣà alágbẹ̀dẹ àwọn ará Róòmù, ni wọ́n sì fi irin rọ tí wọ́n gbé ka orí òkè, bí baba wa kan bá dé ibẹ̀, oríkì Ògún, olómi-nílé-fẹ̀jẹ̀-wẹ̀, ni ì bá fi kí ìlú náà. King lọ síbẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1963 nítorí Fred Shuttlesworth, àlùfáà tí wọ́n ti fi bọ́ǹbù wó ilé rẹ̀ mọ́ ọn lórí ní alẹ́ Kérésìmesì ọdún 1956, pè é. Ní ọjọ́ tí àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe ìrántí ikú Olúwa, nígbà tí wọ́n sọ fún King pé owó tí àwọn fi ń gba béèlì àwọn ènìyàn ti tán, ó wọ yàrá lọ gbàdúrà, ó sì jáde nínú aṣọ iṣẹ́ lébìrà, ó lọ sẹ́wọ̀n. Síbẹ̀ àwọn àgbà kò jáde tó. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú lónìí ni ọ̀gá rẹ̀ yóò lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ta ni yóò sì bọ́ ọmọ rẹ̀?

Nígbà náà ni James Bevel, ọ̀dọ́ àlùfáà, dá a lábàá pé kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ìwé jáde. King ṣiyèméjì. Bevel ní ọmọ tí ó bá dàgbà tó láti gba Jésù gbọ́ kí a sì tẹ̀ ẹ́ bọmi, ó dàgbà tó láti jìyà nítorí ìgbàgbọ́ náà. Ọ̀rọ̀ ńlá ni, onítẹ̀bọmi kò sì lè fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn láìjẹ́ pé ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí òun rò pé òun ń ṣe nígbà tí òun ń ri ọmọ bọ omi. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, ọmọ tí ó ju 1,000 lọ kúrò ní ilé ìwé, wọ́n tú jáde láti ilé ìjọ Onítẹ̀bọmi ti 16th Street pẹ̀lú orin lẹ́nu. Àwọn mìíràn nínú wọn kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ọlọ́pàá kó wọn sẹ́wọ̀n títí ààyè kò fi tó. Ní ọjọ́ kejì, Bull Connor, tí ọlọ́pàá àti panápaná wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ní kí wọ́n da omi lù wọ́n, omi tí agbára rẹ̀ ń ya aṣọ lára ènìyàn, ó sì tú ajá sí wọn. Gbogbo ayé rí àwòrán rẹ̀.

Malcolm X, adúláwọ̀ tí kò fara mọ́ ọ̀nà àìgbẹ̀san yìí, sọ pé ọkùnrin kì í fi ọmọ rẹ̀ síwájú ogun. Robert Kennedy, tí í ṣe agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba, bá wọn wí bákan náà. Mo ka ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì sí. Mo mọ ohun tí àwọn alátìlẹ́yìn King ń fi dáhùn, pé inú ìyà ni àwọn ọmọ náà wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé àwọn aláṣẹ ìlú ti ti gbogbo ọgbà ìṣeré pa ní ọdún 1962 kàkà kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ ṣeré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n pé ìyà ti ń jẹ ọmọ tẹ́lẹ̀ kò fún wa láṣẹ láti fi kún un. Ní Ilé-Ifẹ̀, Mọrèmi Àjàṣorò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ kí ọ̀tá mú un lẹ́rú, nígbà tí ó sì di ọjọ́ tí a ó san ẹ̀jẹ́, Olúorogbo tí ó jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀ kan ṣoṣo ni ó mú lọ sí odò, kì í ṣe ọmọ aládùúgbò. Bí mo bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn Shuttlesworth, ó yege, nítorí pé ní ọdún 1957, nígbà tí ó mú àwọn ọmọbìnrin tirẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ funfun, wọ́n fi ṣéènì lù ú, wọ́n gún ìyàwó rẹ̀ lọ́bẹ, wọ́n sì ṣe ọmọ rẹ̀ kan léṣe lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ King kò sí ní Birmingham. Wọ́n kéré, Atlanta ni wọ́n wà, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Síbẹ̀ òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ràn King fi í pamọ́.

Ohun tí ó fà mí kúrò ní àárín méjì ni àwọn ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e. A lè sọ pé àwọn tí ó jáde ní ọjọ́ kìn-ín-ní kò mọ̀. Àwọn tí ó jáde ní ọjọ́ 7 oṣù náà ti rí omi, wọ́n ti rí ajá, wọ́n sì tún wá. Ella Baker, tí ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní Raleigh ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, ti tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe di ìrù fún aṣáájú kankan, nítorí àwọn ènìyàn tí ó bá gbọ́n kò nílò ẹni ńlá kan tí yóò máa ronú fún wọn. Ní ọjọ́ 7 náà ni omi panápaná gbá Shuttlesworth mọ́ ògiri, tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Omi kan náà ni ó lu olórí àti ọmọ. Ní ọjọ́ 10, àwọn oníṣòwò ìlú gbà láti mú ìyàsọ́tọ̀ kúrò nínú àwọn ilé ìtajà ńlá, ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1964 sì ni Ààrẹ Johnson fi ọwọ́ sí òfin tí ó fi òpin sí i jákèjádò ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n kí òfin náà tó dé, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1963, bọ́ǹbù bú nínú ilé ìjọ tí àwọn ọmọ ti jáde yẹn, ó pa Addie Mae Collins, Cynthia Wesley àti Carole Robertson, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 14, àti Denise McNair tí kò ju ọmọ ọdún 11 lọ. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ilé Ọlọ́run ni wọ́n wà, wọ́n ń múra ìsìn. Àwa tí a ń bi ara wa bóyá ó yẹ kí a pa ọmọ mọ́ sílé kí nǹkan má ṣe é, ikú ti fi ibi tí ó lè wọlé hàn wá. King ni ó sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú mẹ́ta nínú wọn, ọdún 1977 sì ni ilé ẹjọ́ tó dá ẹni àkọ́kọ́ lẹ́bi nínú àwọn apànìyàn náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí bóyá ó tọ́ kí a ṣí ilẹ̀kùn ìjọ náà fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, èmi yóò dáhùn pé ó tọ́. Iyèméjì King ni ó sì fi mí lọ́kàn balẹ̀ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí kò bá mikàn rárá kí ó tó ṣí irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, n kò ní fi ọmọ tèmi lé e lọ́wọ́.