Ǹjẹ́ Ìjẹ́wọ́ Ní Gbèdéke?



Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ Ògún kan nílé wa ní Manchester níbí, ọmọ awo kan tó ń kọ́ iṣẹ́ òfin bi mí pé: bí ẹnì kan bá ṣẹ ẹnìkejì, tí ó sì pẹ́ gan-an, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ náà á kú? Ẹjọ́ àwọn ará Kenya ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Láti 1952 sí 1960, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti àwọn Mau Mau tó ń jà fún ilẹ̀ àti òmìnira ní Kenya. “Pàjáwìrì” ni wọ́n pè é, wọn kò pè é ní ogun. Wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún aráàlú, àwọn Kikuyu pàápàá, sí àgọ́ láìgbé wọn dé iwájú adájọ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu wọn ni pé kí wọ́n jẹ́wọ́ ìmùlẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á máa sún un mọ́ ọ̀nà ilé díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀, ẹgba. Wambugu wa Nyingi sọ pé òun kì í ṣe Mau Mau rárá, síbẹ̀ ó lo nǹkan bí ọdún 9 ní àtìmọ́lé. Ní Hola, ní March 1959, wọ́n lu ènìyàn 11 pa. Òun náà wà níbẹ̀, wọ́n lù ú títí wọ́n fi gbé e pọ̀ mọ́ òkú. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹnu kan irin rí, ẹ ro ó wò: kóńdó ni wọ́n fi ń yọ ìbúra lẹ́nu ènìyàn.

Wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ délé, wọ́n bá a pé wọ́n ti pín ilẹ̀ wọn. Òfin tó fi Mau Mau ṣe ẹgbẹ́ èèwọ̀ láti 1950 kò kúrò nílẹ̀ títí di 2003, bẹ́ẹ̀ Kenya ti gba òmìnira láti 1963. Lójú tèmi, ẹni tí a ṣí ilẹ̀kùn fún tí a kò dá orúkọ rẹ̀ padà, a kò tíì tú u sílẹ̀ tán.

Nídìí òrìṣà, bí a bá ṣẹ̀, ewúrẹ́ kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń béèrè. Wọ́n á ní, “Kí lo ṣe?” Ẹnu ẹni tó ṣe é ni yóò sọ ọ́, kí ètùtù tó tẹ̀ lé e. Ní June 2013, William Hague dìde ní ilé aṣòfin, ó ní wọ́n dá àwọn ará Kenya lóró, ó sì dun ìjọba. Wọ́n san £19.9 mílíọ̀nù fún ènìyàn 5,228, owó agbẹjọ́rò wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ní ìjọba kò gbà pé ẹ̀bi náà wà lọ́rùn àwọn. Ìjẹ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan nìyẹn.

Ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní Manchester yìí náà gbé ẹjọ́ àwọn tó lé ní 40,000 dìde. Ní 2018, adájọ́ ní ó ti pẹ́ jù: ẹlẹ́rìí ti kú, ìwé kò pé. N kò ní bú u. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa náà kì í dájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí pé ìjọba yìí kan náà ló kó ọ̀pọ̀ ìwé àwọn àgọ́ náà pamọ́ sí Hanslope Park, tí wọn kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí di 2011.

Èsì tí mo fún ọmọ awo yẹn ni pé ẹjọ́ lè gbó, torí ẹlẹ́rìí ni ẹjọ́ ń jẹ. Ìjẹ́wọ́ kò nílò ẹlẹ́rìí. Ìjọba lè fi òfin sọ pé gbogbo ẹni tí a tì mọ́lé láìdájọ́ kò jẹ̀bi, kí wọ́n sì fi owó ìtọ́jú sí i fún àwọn arúgbó tó kù, láìsí pé ẹnikẹ́ni tún lọ fihàn ní kóòtù irú ẹgba tó bà á.

Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, àwọn tó lù wọ́n ti kú. Ta ni yóò jẹ́wọ́?”

Mo ní ẹni tó jogún ilé ni, gbèsè wà nínú ogún. Inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí èsì náà. Ó ní ọmọ ìlú yìí ni òun, òun náà ń san owó orí.