Ṣé Ẹnu Géètì Ọgbà Ẹ̀wọ̀n Ni Ẹ̀tọ́ Aláàbọ̀ Ara Parí Sí?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Olúwa gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, bí wọ́n bá tú afọ́jú, adití tàbí arọ sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, ǹjẹ́ ẹ̀tọ́ tí ó ní lórí wa ti parí?

Àwọn kan ń wí pé: "Ọ̀daràn ni. Kí àwọn tí kò rúfin kọ́kọ́ rí ìrànlọ́wọ́ ná." Ọ̀rọ̀ yìí kò fìdí múlẹ̀. Èkíní, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní àhámọ́ ní Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi. Ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n ń retí. Èkejì, adájọ́ ló ń díwọ̀n ìyà, kò sì fi àìríran tàbí àìlèrìn kún ìdájọ́ ẹnikẹ́ni. Bí a bá fi ìrànlọ́wọ́ du ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, àwa ni a bu ìyà kún ìyà. Àbòsí nìyẹn.

Ẹ rántí Súrà Yūsuf. Ẹni tó bá Ànábì Yūsuf ṣẹ̀wọ̀n jáde tán, ó gbàgbé rẹ̀, Yūsuf sì tún lo ọdún mélòó kan sí i nínú túbú. Ẹ rántí Súrà Abasa pẹ̀lú: nítorí afọ́jú kan, Abdullāh ọmọ Ummi Maktūm, ni Ọlọ́hun ṣe pe àkíyèsí Ànábì Rẹ̀. Afọ́jú yìí náà ló di ladani ní Mọdínà.

Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ buwọ́ lù ní 2019 ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ wọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011, pẹ̀lú ọ́fíìsì LASODA tí ń forúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò mú afọ́jú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde dé ibẹ̀? Ta ni yóò gbẹnu sọ fún adití níwájú akọ̀wé? Ìwé ìdánimọ̀ lè ti sọnù, owó ọkọ̀ lè má sí, ẹbí sì lè máa tijú rẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn kò rí ọ̀nà dé ìdí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí.

Nítorí náà, bí ẹ bá mọ ẹni tí yóò jáde, ẹ ti lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ẹ bá a gba ìwé ìtúsílẹ̀ àti ìwé dókítà rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́. Ẹ tẹ̀lé e lọ forúkọ sílẹ̀. Ẹ má kàn júwe ọ̀nà fún un. Kí ẹ sì bo àṣírí rẹ̀ ní àdúgbò.

Kí Ọlọ́hun má ṣe wá ní olùgbàgbé. Kí Ó forí jin èmi, ẹ̀yin àti gbogbo Mùsùlùmí. Àmín.