Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Láti Pa Eku Lára Nítorí Ìwòsàn Ènìyàn?

Ẹ rò ó wò: ìyá kan jí ní òwúrọ̀ ní Glazoué wa yìí, níbi tí iṣu kì í wọ́n lọ́jà, ṣùgbọ́n kò lè di ọmọ odó mú. Ọwọ́ rẹ̀ wú, ìka rẹ̀ kò ká. A ní làkúrègbé ni. Oríṣi làkúrègbé kan wà tí kì í ṣe ti ọjọ́ ogbó. Àwọn ọmọ ogun tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ara láti bá àrùn jà ni ó ṣìnà, tí wọ́n ń bá oríkèé ara jà. Kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé.

Ara eku ni a ti kọ́ púpọ̀ nínú ìtọ́jú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa gún eku ní abẹ́rẹ́ èròjà kan tí a yọ láti inú kèrékèré egungun ẹranko mìíràn, títí ara rẹ̀ yóò fi gbógun ti oríkèé tirẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì wú. Ní ọdún 1992, ní Lọ́ńdọ̀nù, Marc Feldmann, Ravinder Maini àti ẹlẹgbẹ́ wọn fi hàn pé bí a bá dí ọ̀nà mọ́ TNF, èyí tí í ṣe ìránṣẹ́ tí ń pe àwọn ọmọ ogun náà jáde, wíwú náà a dínkù. Ní ọdún kan náà, àwọn aláìsàn 20 bẹ̀rẹ̀ sí gba irú ìtọ́jú yìí ní ilé ìwòsàn Charing Cross, ara sì tù wọ́n.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a sọ ẹ̀dá tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn nítorí tiwa?

Ìdáhùn: Katikísìmù Ìjọ Kátólíìkì, tí Pópù Jòhánù Páúlù Kejì gbé jáde ní ọdún 1992 yẹn gan-an, dáhùn ní ìpín 2415 títí dé 2418. Ó kọ́ wa pé a lè fi ẹranko ṣe ìwádìí ìṣègùn, bí ó bá mọ níwọ̀n, tí ó sì wúlò fún ìtọ́jú tàbí ìgbàlà ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n láti fi ìyà jẹ ẹranko láìnídìí kò bá iyì ènìyàn mu.

Ẹnìkan lè wí pé: “Àwa tí ń pa òyà jẹ, kí ni ti eku?” Ọdẹ tí ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan kò dà bí ẹni tí ó fi ẹ̀dá sínú ìrora fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Bí ìrora bá ti pẹ́ tó ni ìdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀wọ̀n tó. Àwọn baba wa wí pé ẹni tí yóò fi igi gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Ní ọdún 1959, William Russell àti Rex Burch kọ́ àwọn onímọ̀ ní ohun mẹ́ta: kí wọ́n wá ọ̀nà mìíràn bí ó bá wà, kí wọ́n lo ẹranko díẹ̀, kí wọ́n sì dín ìrora rẹ̀ kù.

Ṣùgbọ́n gbèsè kò tán síbẹ̀. Ní ọdún 1995, eku tún kọ́ wa pé ara tí kò ní TNF kò lè dojú kọ ikọ́ ife. Ní ọdún 2001, àwọn oníṣègùn ròyìn pé ikọ́ ife tí ó ti sùn jí nínú àwọn kan tí ń gba ìtọ́jú náà. Ẹni tí ó mú kí olùṣọ́ sùn ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Ìdí nìyí tí a fi ń yẹ aláìsàn wò fún ikọ́ ife kí a tó gún un. Bí a bá kọ etí dídi sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, lásán ni eku náà jìyà.

Lásán náà ni, bí ìwòsàn bá dúró lọ́dọ̀ olówó nìkan. Oògùn yìí wọ́n, inú ẹ̀rọ amóhuntutù ni a sì ń pa á mọ́. Ọwọ́ ìyá tí a wí lẹ́ẹ̀kan kò tó o. A kò lè fi ìrora ẹ̀dá aláìlẹ́nu ra ìwòsàn, kí a sì fi du ọmọnìkejì wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí irú ìyá bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, ẹ má sì sọ pé ajẹ́ ni ó ń bá a jà. Bí ẹ bá lọ gbàdúrà fún un ní Arigbo ní Dassa, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn pẹ̀lú, kí oríkèé rẹ̀ tó bàjẹ́. Kí ẹ sì bá a gún iyán rẹ̀.